Àdìrẹ, àtùpà bátìrì àlòkù, tàbí omi ìṣápá: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò nílé?

Nígbà ìsinmi gbọọrọ tó kọjá, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta wá lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò tíì parí tí ariwo "kò sí iná, kò sí dátà" ti fẹ́ fọ́ mi lórí. Ni èyí àgbà nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bá wá bá mi nídìí ààrò: "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣe nǹkan." Mo ní kí ló fẹ́ ṣe. Ó ní àtùpà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ní àtùpà kọ́, àdìrẹ lòun fẹ́. Àbígbẹ̀yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ò mọ orúkọ ohun tó fẹ́. Ó ṣáà ní òun fẹ́ "èyí tí omi ẹ̀ máa ń yí àwọ̀ padà".

Owó ọwọ́ mi ò lè gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bá mú bébà, mo fa ìlà méjì sí i, mo fi wọ́n jókòó ti ara wọn: owó, àkókò, ewu, ohun tá a máa rí mú nídìí ẹ̀. A padà ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n tó wọlé, àmọ́ ibi tó yẹ ká parí sí la ti bẹ̀rẹ̀, owó sì bá a lọ. Ìbéèrè kan ni mi ò kọ sórí bébà ọjọ́ yẹn, òun gan-an ló sì yẹ kó ṣáájú: bó bá bàjẹ́ ńkọ́? Torí ó máa bàjẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá dán an wò, ibì kan máa wọ́ níbẹ̀ dandan. Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ fi yàn, ẹ má wo bó ṣe máa rẹwà tó nínú fọ́tò.

Ohun tí mò ń fi wéra

Àdìrẹ tí mò ń sọ ni àdìrẹ oníko. Ẹ máa di aṣọ funfun ní kókó-kókó pẹ̀lú ìko tàbí okùn, ẹ máa rì í sínú aró, ibi tí okùn bá sì ti fún un pinpin ni aró ò ní ráyè wọ̀. Mi ò sọ ti ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya. Ìyẹn fẹ́ ọwọ́ tó ti mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ya Ìbàdàndùn rí, pẹ̀lú àwọn òpó Mápó inú rẹ̀, á mọ ohun tí mò ń wí. Alábẹ́rẹ́ náà wà, tí wọ́n ń fi òwú rán pọ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ẹni tó ní sùúrù lè ṣe é, àmọ́ kéèyàn tú òwú yẹn láìfa aṣọ ya, iṣẹ́ ńlá ni.

Àtùpà ní tiẹ̀, inú bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti kú la ti máa yọ ọ́. Bátìrì bẹ́ẹ̀ máa ń ní sẹ́ẹ̀lì bíi mẹ́fà nínú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan tàbí méjì péré ló kú nínú wọn tí gbogbo ẹ̀ fi dákú, ìyókù ṣì ń mí. Sẹ́ẹ̀lì náà rí bí bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó sanra díẹ̀. 18650 lorúkọ rẹ̀, torí ó fẹ̀ tó mìlímítà 18, ó sì gùn tó 65. Ẹ máa so ọ́ mọ́ pátákó kékeré kan tí ò ju sítáǹbù lẹ́tà lọ, TP4056 ni wọ́n ń pè é, òun ló ń gba iná láti ara ṣájà fóònù wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ máa wá so iná LED mọ́ ìdí kejì. Súwíìṣì kan, ike bọ́tà kan, ó parí.

Ẹ̀kẹta ni omi ìṣápá pupa, ìṣápá tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. Ẹ rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ife omi gbígbóná méjì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ bù ú sínú àwọn ife kéékèèké, kẹ́ ẹ wá máa kán oríṣiríṣi nǹkan ilé ìdáná sí i. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀. Ẹ lè máa wò ó pé ṣé èyí náà lẹ gbé jókòó ti àdìrẹ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Bó bá bàjẹ́ ńkọ́?

Ti àdìrẹ ló ń dunni jù. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, èmi náà ti sanwó ẹ̀kọ́ yẹn.

Mo ra ọ̀pá márùn-ún aṣọ funfun, mo ra aró búlúù, kọ́sítíìkì sódà àti háídírò, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró lè yọ́ nínú omi. Ìyá tó ta aró fún mi bi mí pé, "Ọmọ mi, inú kí lo máa rẹ ẹ́ sí?" Mo ní ìkòkò wà nílé, Màmá. Ó ní, "Ìkòkò wo?" Oníbàárà míì dé, mo gba ṣéńjì mi, mo bá tèmi lọ. Ìkòkò tá a fi ń se ìrẹsì tẹ́lẹ̀ ni mo gbé síta, ìkòkò alumí. Mo bu omi gbígbóná sí i, mo rọra wọ́n kọ́sítíìkì lé e. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó yeeye, tó ń yọ ìfófòó, tó ń rú èéfín tó ń ta wá nímú, bẹ́ẹ̀ kò sí iná kankan lábẹ́ rẹ̀. Kọ́sítíìkì ń jẹ ìkòkò ni. Alumí ni oúnjẹ rẹ̀, afẹ́fẹ́ haidirójìn ló sì ń jáde níbi tó ti ń jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ tó lè gbiná bí ẹnì kan bá ṣáná sí tòsí.

Mo ta àwọn ọmọ sẹ́yìn. Nígbà tó rọlẹ̀, ó yẹ kí n dà á nù. Mo ṣe agídí, mo da aró àti háídírò sí ohun tó ṣẹ́ kù, mo ki aṣọ bọ̀ ọ́. Ohun tó jáde níbẹ̀ dà bí ẹ̀wù iṣẹ́ mẹkáníìkì: ibì kan dúdú, ibì kan rí bí eérú. Òṣù bàm̀bà tí ọmọ náà ti fi odidi ọjọ́ kan dì, òṣùpá ńlá tí kéékèèké yí ká, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnì kan di nǹkan kan rí síbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó ká aṣọ náà, ó gbé e lọ sí yàrá. Ó sàn kó sunkún.

Ọ̀pá márùn-ún lọ nìyẹn. Ẹ lè fi aró tó dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ tún un rẹ, àmọ́ ẹ ò lè padà sí funfun. Àṣìṣe inú àdìrẹ kì í sì í sọ ohun tó ṣe é fún yín. Ṣé ìkòkò ni? Ṣé háídírò tó ti jẹ atẹ́gùn ni? Ṣé aṣọ gan-an ni? Torí aṣọ náà máa ń dalẹ̀: ẹni tó tà á á ní kọ́tìnì ni, ìdajì rẹ̀ á sì jẹ́ pọ́líésítà tí aró yìí ò ní gbà. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ fa òwú kan yọ ní etí rẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Kọ́tìnì á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á rọ̀. Pọ́líésítà á yọ́, á ká jọ, á le bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré.

Àtùpà náà bàjẹ́. Èyí àgbà wọn so sẹ́ẹ̀lì mọ́ TP4056 ní òdìkejì, ó fi nẹ́gétíìfù síbi pósítíìfù. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni èéfín tín-ín-rín kan jáde látinú pátákó yẹn, òórùn bí ike tó jó gba yàrá, ó parí fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀: pátákó kan ṣoṣo ló kú. Mẹ́ta la ti rà tẹ́lẹ̀, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Sẹ́ẹ̀lì ò kú, LED ò kú, ọmọ náà sì mọ ohun tó ṣe gan-an. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ iná nìyẹn, ó ń fèsì. Bí LED kan ò bá tàn, ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, èyí tó gùn ni pósítíìfù. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá tàn, ẹ fi mítà, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn fóltì, wọn sẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà ibi tó ti ń jáde látinú pátákó, lẹ́yìn náà súwíìṣì. Ẹ̀yin náà á bá ibi tó ti já.

Ìṣápá ńkọ́? Ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Omi náà ki jù, ó dúdú bí ọtí wáìnì, a ò rí ìyípadà kankan. A bu omi là á, ife kan ìṣápá sí ife mẹ́rin omi, ó tọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tá ò tíì kán nǹkan kan sí, a fi ṣúgà àti atalẹ̀ sí i, a mu ún.

Owó àti àkókò

Mi ò ní kọ iye owó kankan síbí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kẹ́ ẹ tó ka gbólóhùn yìí tán, ó ti yí padà. Àmọ́ ẹ lè mọ ibi tí owó ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ.

Nínú àdìrẹ, aṣọ ló ń gbé owó lọ. Aró àti kẹ́míkà rẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìbomú ò sì ṣòroó rà. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀pá márùn-ún bẹ̀rẹ̀ bíi tèmi. Ẹ̀wù kọ́tìnì funfun láti bẹ́ńdáàn, aṣọ ìrọ̀rí, àlòkù aṣọ ìkélé, èyíkéyìí tó bá jẹ́ kọ́tìnì gidi ló tó fi kọ́ ọwọ́. Bó bá jẹ́ aṣọ tuntun, ẹ fọ sítáàṣì ara rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó dì í. Àkókò rẹ̀: ọjọ́ kan fún dídì, òwúrọ̀ kan fún rírẹ, ìrọ̀lẹ́ kan fún títú àti sísá. Ní tòótọ́, dídì yẹn ni iṣẹ́ náà. Ọmọ tí kò lè jókòó síbì kan, ẹ má fi àdìrẹ fìyà jẹ ẹ́.

Ti àtùpà, owó tó fara pamọ́ síbẹ̀ ni mítà àti soldering iron, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó òjé mọ́ wáyà. Àwọn ohun èlò gan-an ò wọ́n. Àwọn tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe, ní Computer Village n'Íkẹjà tàbí ní òpópónà tó sún mọ́ yín, máa ń ní bátìrì òkú nínú àpótí lábẹ́ tábìlì. Àwọn míì á ta á fún yín ní owó pọ́ọ́kú, àwọn míì á ní kẹ́ ẹ kó o lọ. Mítà ni kẹ́ ẹ má ṣe láìní, ṣùgbọ́n kò dìgbà tẹ́ ẹ bá rà á. Rẹ́wáyà àdúgbò wa yá wa ní tiẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣáà ní kí àwọn ọmọ má gbé e síbi tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kọ́sítíìkì. Ìròyìn ìkòkò ti dé etí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò ju ọ̀sán kan lọ, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ dán sẹ́ẹ̀lì wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ yọ wọn látinú páálí ike, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ò bá tó fóltì 2, ẹ má gbìyànjú láti jí i. Èyí tó bá tó, ẹ fi TP4056 gba iná sí i títí iná pupa ara rẹ̀ á fi kú tí èyí kejì á tàn, ìyẹn ni pé ó ti dé fóltì 4.2. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ méje láìfọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ wá tún un wọ̀n. Èyí tó bá ṣì wà ní 4.1 síwájú, ọmọ dáadáa ni. Èyí tó ti wálẹ̀ sí 3.7 fúnra rẹ̀ ń jò nínú. Nínú mẹ́fà tiwa, mẹ́rin ló yege.

Ìṣápá: iye rẹ̀ ò tó owó búrẹ́dì, ogójì ìṣẹ́jú sì ti pọ̀ fún un.

Ewu rẹ̀

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, ní pàtàkì bí ọmọdé bá wà nílé.

Kọ́sítíìkì ń jó ara, ó sì ń fọ́ ojú. Òun ni kẹ́ ẹ máa wọ́n sínú omi. Ẹ ò gbọdọ̀ da omi lé e lórí láé, torí ó lè ru sókè sí yín lójú. Abọ́ táńganran tí ara rẹ̀ ò tíì họ tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì ike tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò, igi ni kẹ́ ẹ fi rò ó. Háídírò ní tiẹ̀ kò fẹ́ ọ̀rinrin: bí ìwọ̀nba omi bá kán sínú ọ̀rá rẹ̀, ó lè gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná. Òórùn rẹ̀ ń fún ni lọ́fun, nítorí náà ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún méjìlá lè di aṣọ, ó lè tú u, kó má ṣe sún mọ́ ibi aró.

Sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù kì í jó èèyàn lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó bá máa jó ló burú. Ẹ má fi ọ̀bẹ gún páálí bátìrì láti là á. Ẹ fi nǹkan pẹlẹbẹ tí kò mú wá ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, ẹ rọra ṣí i. Ẹ má jẹ́ kí orí àti ìdí rẹ̀ fara kan irin kan náà. Ẹ má jó òjé mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ooru ń pa á; àwọn ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ilé iṣẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gé e kó ṣẹ́ kù díẹ̀, ara ìyẹn ni kẹ́ ẹ jó wáyà mọ́. Orí táìlì ni kẹ́ ẹ ti gba iná sí i, níbi tójú yín wà, má ṣe gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì lóru. A gbé ike yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní gbogbo ìgbà tá à ń ṣiṣẹ́, a ò sì lò ó. Ẹ ra TP4056 tó ní ìdáàbòbò, èyí tí wọ́n kọ B+, B−, OUT+ àti OUT− sí lára. Ara OUT ni iná yín ń bọ́ sí, kí pátákó náà lè gé e fúnra rẹ̀ bí sẹ́ẹ̀lì bá lọ sílẹ̀ jù.

Nínú ìṣápá, ewu kan ṣoṣo ni mo mọ̀: ọmọ tó ti rí i tí àwọ̀ ń yí padà á fẹ́ dán gbogbo ohun tó wà nílé wò, á sì dé orí blíìṣì. Blíìṣì á jẹ àwọ̀ náà run. Bó bá wá pàdé ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà nínú ife, afẹ́fẹ́ kílórínì tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ló máa jáde. Ẹ gbé blíìṣì kúrò nílẹ̀ pátápátá. Kẹ́ni kẹ́ni má sì ṣe mu ohun tó wà nínú ife ìdánwò.

Ẹnì kan á bi mí pé ọṣẹ ṣíṣe ńkọ́. Ọṣẹ dáa, èèpo kòkó àti àdín wà nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ewu kọ́sítíìkì tó wà nínú àdìrẹ náà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òróró gbígbóná lórí rẹ̀, ara tẹ́ ẹ bá sì ṣì í wọ̀n sí ló máa sọ fún yín. Mo yọ ọ́ kúrò lórí bébà.

Ohun tó máa wà lọ́pọlọ ọmọ

Níbí ni ìṣápá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

A to ife méje sórí tábìlì. Èkíní, ọsàn wẹ́wẹ́: omi náà pupa fòò, ó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Èkejì, omídùn orí ògì: pupa bákan náà. Ẹ̀kẹta, omi kànga wa: kò fi bẹ́ẹ̀ yí. Ẹ̀kẹrin, bekin sódà: ó di àwọ̀ aró tó ṣókùnkùn. Ẹ̀karùn-ún, ọṣẹ dúdú tá a pò mọ́ omi: ó ń lọ sí àwọ̀ ewé. Ẹ̀kẹfà, kán-ún: àwọ̀ ewé gan-an. Ìkeje, omi eérú tá a sẹ́ látinú ààrò: àwọ̀ ewé, nígbà tó yá ó ń rú lọ sí ìyeyè. Ọmọ ọdún mẹ́jọ náà wò ó títí, ó ní: "Àǹtí, ṣé ohun tó bá kan lẹ́nu ló ń pupa?" Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ohun tí wọ́n ń fi bébà lítímọ́ọ̀sì kọ́ ni nílé ìwé, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Èmi náà bá a kọ́ nǹkan. Bí ẹ bá ti bá wọn se ọbẹ̀ ìṣápá rí, ìṣápá funfun tí wọ́n ń fi ẹ̀gúsí sè, ẹ mọ̀ pé kán-ún tàbí omi eérú ni wọ́n fi ń bọ̀ ọ́ kí kíkan rẹ̀ lè rọlẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo rò pé àṣà ni. Ìjà inú ife yẹn náà ni: kíkan pàdé eérú, eérú sì pa á. Omi eérú yìí kan náà ni àwọn aláró ayé àtijọ́ ń fi èlú sí, nítorí èlú ò lè yọ́ nínú omi lásán. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe aró èlú gidi lọ́jọ́ kan lè fi omi ìṣápá díẹ̀ mọ̀ bóyá omi eérú rẹ̀ ti lágbára: bó bá sọ ọ́ di àwọ̀ ewé wéré tó sì ń lọ sí ìyeyè, ó ti múra.

Àdìrẹ ní idán tirẹ̀. Bí aró náà bá jẹ́ èlú, tàbí ẹ̀dà rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1897, aṣọ kì í jáde ní búlúù. Ó máa ń jáde ní àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀. Ẹ gbé e sókè, ẹ dúró. Atẹ́gùn á kàn án, búlúù á bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí rẹ̀ láti etí wá sí àárín, lójú yín báyìí. Háídírò ti yí aró náà padà kó tó lè yọ́, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń dá a padà sí búlúù. Kò sí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dunni pé kọ́sítíìkì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Àtùpà ń kọ́ni ní ìṣirò tí kò ṣeé sá fún. LED funfun kékeré kan fẹ́ nǹkan bíi fóltì 3.2, sẹ́ẹ̀lì tó kún ní 4.2. Fóltì 1 ló ṣẹ́ kù, kò sì yẹ kí LED gbà ju mílíáńpù 20 lọ. Ẹ fi 0.02 pín 1, ẹ ó rí óòmù 50: ìwọ̀n rẹsísítọ̀ nìyẹn, ohun kékeré tó ń dín iná tó ń wọ LED kù. Wọ́n ń ta 47, wọ́n ń ta 56; a mú 56 kó má bàa jó. LED mẹ́wàá la lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rẹsísítọ̀ tirẹ̀. Mẹ́wàá lọ́nà ogún, igba mílíáńpù. Sẹ́ẹ̀lì tó ṣì gba 1500 mAh, ìyẹn mílíáńpù lọ́nà wákàtí, á tàn án fún wákàtí méje ààbọ̀ ní ìṣirò; ní ti gidi ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iná náà ń rẹlẹ̀ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lọ sílẹ̀. Ẹ sì ní kí ọmọ fara balẹ̀ wo LED funfun nígbà tí kò tàn: á rí ẹ̀kán pupa rúsúrúsú kan nínú rẹ̀. Iná búlúù ló wà lábẹ́ ẹ̀kán yẹn, òun àti ẹ̀kán náà ló pa pọ̀ di funfun. Búlúù yẹn ló ṣòro ṣe jù, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 fún Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura. Ọmọbìnrin aláàdìrẹ wa ní ṣé búlúù náà ló tún ń yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀ ni.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ọmọ kan bá wà nílé tí kò tó ọdún mẹ́wàá, ẹ má ronú méjì, ìṣápá ni. Bí ẹ ò bá tíì ṣe irú nǹkan yìí rí rárá, ọmọ wà o, ọmọ ò sí o, ìṣápá náà ni. Owó búrẹ́dì kan lẹ máa fi mọ̀ bóyá ẹ ní sùúrù fún èyí tó tóbi.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó máa ṣiṣẹ́ nílé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, àtùpà. Mi ò rí èyí tó sún mọ́ ọn. Àmọ́ kí ẹnì kan wà nítòsí tó mọ iná dáadáa, kẹ́ ẹ sì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ ìdánwò yẹn. Ẹni tí kò lè dúró, kó ra sẹ́ẹ̀lì tuntun. Kó má fo ìdánwò.

Àdìrẹ wà fún ẹni tó ń wo ọjà lọ́kàn, tàbí tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ débi pé bàjẹ́ kan ò ní lé e sá. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan lèèyàn lè fi jẹun. Bó bá jẹ́ ìyẹn lẹ fẹ́, ẹ má fi orí ara yín kọ́ ọ bíi tèmi. Ẹ lọ sí Ìtokú l'Ábẹ́òkúta, ẹ dúró wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ibi tí Nike Davies-Okundaye ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní Òṣogbo náà wà. Ọ̀sán kan lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n á gba ọ̀pá aṣọ púpọ̀ là.

Bó bá jẹ́ pé Sátidé kan péré lẹ ní, ẹ ra ìṣápá lọ́jọ́ Fúráìdé, kẹ́ ẹ sì gba eérú lọ́wọ́ ẹni tó ń fi igi dáná. Bó bá jẹ́ odidi ìsinmi, ẹ fi ìṣápá bẹ̀rẹ̀, ẹ gba iná sí sẹ́ẹ̀lì yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kí ọjọ́ méje rẹ̀ ti máa kà, kẹ́ ẹ fi àdìrẹ sẹ́yìn pátápátá, pẹ̀lú aṣọ ìrọ̀rí kan.

Àtùpà wa wà lórí fíríìjì nínú ilé ìdáná, òun ni mo fi ń se oúnjẹ alẹ́ bí wọ́n bá múná lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn ti fi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ nísinmi Kérésì. Mo ti ra abọ́ táńganran.